Kéèkì Ìgbéyàwó Tó Gbé Ọmọ Mi Lọ sí Ìwàrà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí láìdúpẹ́, ẹkún ni yóò gba ẹnu mi, ẹ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ọlọ́run tó rí mi nígbà tí mi ò lè wo ojú ọmọ mi, Ìwọ ni mo kí. O ṣeun, Bàbá. Ẹ bá mi ṣe Halelúyà kan, kì í ṣe ti ẹnu lásán o!

Òdòdó ṣúgà ni mo ń tẹ̀ sí ara kéèkì nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé. Ọjọ́bọ̀ ni. Mo wà nínú yàrá wa ní Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo, mo jókòó ti kéèkì ìgbéyàwó alájà mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ lò ní Sátidé. Mo ti fi ṣúgà aláwọ̀ búlúù kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sí àjà òkè pátápátá. Ó ku òdòdó díẹ̀ ní etí ìsàlẹ̀. Mi ò mí dáadáa, torí irú iṣẹ́ yẹn, èémí lásán lè mú ọwọ́ gbọ̀n. Àfi bí àbúrò màmá tó ni kéèkì ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé.

Ó ní, "Ìyá Bùnmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe kéèkì yẹn mọ́. Ìyàwó ti tú."

Mo ní, "Kí n má ṣe èwo?"

"Kéèkì."

Mo yẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀ kí ó lè rí i. Ó wo kéèkì, ó wò mí, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ẹ ti ṣe é tán! Ó mà rẹwà o." Ó sì yípadà, ó lọ. Ìwé tí mo ká bí ìwo, tí mo fi ń tẹ ṣúgà jáde, ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣúgà ń kán sí mi lẹ́sẹ̀.

Kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ọmọ Iléṣà yìí ni mí, inú ìjọ yìí ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Òṣogbo ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba. Lọ́dún tí ìjọba ológun ń dá àwọn èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n dá òun náà dúró. Kò jalè, kò bú ọ̀gá. Ó kàn dé ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Láti ìgbà yẹn ló ti ń wáṣẹ́ kiri, èmi ni mo sì ń fi kéèkì bọ́ wa. Ilé ìwé girama ni mo ti kọ́ ọ. Mi ò ní ààrò òyìnbó. Ìkòkò irin ńlá kan ni mo ní. Màá da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, màá gbé agolo kéèkì lé orí yanrìn, màá fi irin pẹlẹbẹ dé e, màá wá kó ẹyín iná lé orí ọmọrí yẹn, kí iná lè máa ti òkè àti ìsàlẹ̀ mú un. Ẹni tó bá ń fojú kéré ìkòkò mi, kó wá jẹ níbẹ̀. Bọ́tà àti ṣúgà, ọwọ́ ni mo fi ń pò wọ́n títí wọn yóò fi funfun bí òwú. Bí mo bá ṣe ti ìgbéyàwó lónìí, tó bá di ọ̀la, mi ò ní lè gbé apá sókè láti di irun Bùnmi, ọmọ mi.

Ṣùgbọ́n ará, mo mọ kéèkì í ṣe, mi ò mọ̀ ọ́n tà. Ìdí rẹ̀ yóò yé ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Òṣómàáló ni bàbá mi. Wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú onílùú, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọn a lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n, wọn kò ní dìde àfi bó bá san. Owó yẹn náà ni wọ́n fi rán mi níwèé o! Àmọ́ nílé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọn kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà a máa wá lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọn a ní, "San owó mi! N ò ní dìde!" Wọn a rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà a bá wọn rín in, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí dénú egungun. Mo pinnu pé láéláé, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ owó lẹ́nu èmi.

Nítorí náà, bí oníbàárà bá bi mí pé èló ni, màá ní, "Háà, ẹ̀yin náà ni, mà. Ohun tó bá ti ọkàn yín wá ni kí ẹ mú wá." Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Pàápàá bó bá jẹ́ àgbà, báwo ni èèyàn ṣe máa wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ó tún máa dá owó lé e? Àwọn kan a mú ohun tó dáa wá. Àwọn mìíràn a mú àdúrà wá. "Olúwa yóò bù sí i fún ọ, ọmọ mi." Màá ṣe àmín, màá sì lọ gbọn yanrìn ìkòkò mi.

Màmá tó ni kéèkì yìí, mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má bi mí. Aláṣọ ńlá ni wọ́n, àgbà sì ni wọ́n nínú ìjọ tí à ń lọ ní Òṣogbo. Ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní Màmá Aláṣọ. Ọmọ wọn obìnrin fẹ́ lọ sílé ọkọ. Wọ́n pè mí lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbá mi léjìká pẹ́pẹ́.

"Ìyá Bùnmi, ìwọ ni n ó gbé e fún. Alájà mẹ́ta. Kí òdòdó yí i ká. Kí gbogbo Òṣogbo mọ̀ pé èmi ni mo ń fa ọmọ fọ́kọ!"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà."

"Èló?"

"Háà, mà. Ohun tó bá ti ọkàn yín wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wo àwọn ẹgbẹ́ wọn. "Ẹ gbọ́! Ìjẹ̀ṣà tí kò mọ owó! Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ra nǹkan rẹ̀ sílẹ̀ ná, èmi àti ẹ ò lè jà."

Wọn kò fún mi ní kọ́bọ̀. Mo lọ bá Ìyá Ràfíù, ìyá mùsùlùmí kan tó ń ta fúláwà àti bọ́tà ní òpópónà wa, mo kó ọjà láwìn. Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá Aláṣọ ránṣẹ́ pé kí n fi ẹyẹ méjì sí orí rẹ̀. Mo ní ó dáa, mà. Wọ́n tún ránṣẹ́ pé àwọn rí irú èyí tó ní òpó láàárín àjà kan sí èkejì ní Ìbàdàn. Mo ní ó dáa, mà. Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá Ràfíù fún ṣúgà sí i. "Ó dáa, mà" yìí, ará, ó ti jẹ mí ní ìyà ju ẹ̀gún lọ.

Ní gbogbo ìgbà yìí, ìyá ọkọ mi ti wá wò wá láti Ìwàrà, abúlé wọn lẹ́bàá Iléṣà níbí. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn nínú ilé Olúwa. Wọ́n wo ọkọ mi, wọ́n wò mí, wọ́n wo ọrùn Bùnmi bó ṣe rí tín-ín-rín. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ yìí lọ. Iṣu wà lóko. Bí nǹkan bá rọ̀ fún yín, ẹ ó wá mú un." Bùnmi ò tíì lọ sílé ìwé nígbà yẹn, èmi àti òun la jọ máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba owó kéèkì kan tó wà lọ́wọ́ mi. Owó yẹn yóò gbé wa dúró." Wọ́n ní kò burú, pé bí ìgbéyàwó náà bá ti kọjá, àwọn yóò padà wá wo bó ṣe rí.

Ṣé ó yé yín báyìí? Kì í ṣe òdòdó ni mo ń tẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ọmọ mi ni mo dì mú.

Mo bọ́ aṣọ tó kún fún ṣúgà, mo wọ òmíràn, mo lọ sílé Màmá Aláṣọ. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọn kò wé gèlè, ojú wọn ti pọ́n. Ẹbí ọkọ ní ìjọ tàwọn ni a ó ti so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, Màmá ní ìjọ tàwọn ni, ọ̀rọ̀ di ariwo, ẹbí ọkọ kó ara wọn lọ. Àánú wọn ṣe mí ní tòótọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú ìfaradà. Mo wá fi ohùn kékeré sọ pé kéèkì ti parí o, mà, àti pé àwìn ni mo fi ra nǹkan rẹ̀, bí wọ́n bá lè ràn mí lọ́wọ́ nípa owó nǹkan yẹn nìkan.

"Owó kéèkì?"

"Owó ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan, mà."

"Èló la jọ sọ?"

Mo tẹjú mọ́ etí ẹní.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èló la jọ sọ, èmi àti ìwọ?"

"A ò sọ iye, mà."

"Kí lo wí fún mi nígbà náà?"

"Mo ní... ohun tó bá ti ọkàn yín wá."

Wọ́n gbá àyà wọn. "Ọkàn náà nìyí. Ó ti bàjẹ́. Wá wò ó! Kí ni o fẹ́ kí ó ti inú rẹ̀ wá? Gbé kéèkì rẹ sọ́hùn-ún, kí ojú mi má kàn án. Àbí o fẹ́ lóṣòó tì mí bíi ti àwọn bàbá yín?"

Àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn rẹ́rìn-ín. Ẹ rò ó wò o, ilé tí wọ́n ti ń sunkún, èmi ni mo fún wọn lẹ́rìn-ín. Mo dìde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ń dúpẹ́ sí? Ẹnu mi kò mọ nǹkan mìíràn í sọ fún àgbà.

Mo délé, kéèkì jókòó sórí tábìlì bí àlejò tó kọ̀ tí kò lọ. Tábìlì kan náà tí à ń jẹun lórí rẹ̀ ni. Ebi ń pa wá, kéèkì alájà mẹ́ta wà nínú yàrá. Mi ò gé e, torí mo rò pé bóyá wọn yóò parí ìjà lọ́la, bóyá ẹlòmíràn tó ń ṣe ìyàwó yóò rà á. Mo fi aṣọ àwọ̀sùn bò ó. Gàrí la mu. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, ọ̀rinrin wọlé, ṣúgà ara kéèkì bẹ̀rẹ̀ sí tú, ó ń ṣàn wálẹ̀ bí omi ojú, orúkọ ọkọ àti ìyàwó yọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, búlúù. Kòkòrò rí ọ̀nà tiwọn.

Nígbà tó yá, mo ha ṣúgà kúrò, mo gé kéèkì wẹ́wẹ́, mo gbé e lọ sẹ́bàá ibùdókọ̀. Ará, ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀! Ọmọbìnrin kan ti nawọ́ mú ọ̀kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. "Má jẹ ẹ́! Kéèkì ìyàwó tó tú ni. Ṣé o ò fẹ́ lọ́kọ ni?" Ó jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó mú ẹyín iná. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún dúró. Ewúrẹ́ àdúgbò ló jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín tí kò dára.

Ìyá Ràfíù wá. Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù. Ó ní, "Ìyá Bùnmi, wọ́n ní ìyàwó tú. Kí Ọlọ́hun tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ṣé ìyàwó ló ra bọ́tà lọ́wọ́ mi ni?" Mo ní rárá, èmi ni. Ó ní, "Wàláì, mi ò fẹ́ bá ọ fa nǹkan. Ọmọ wà nílé tèmi náà. Ìkòkò rẹ ni n ó gbé. Ọjọ́ tí o bá mú owó wá, kí o gbé ìkòkò rẹ." Ó da yanrìn inú rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e rù. Òkìtì yanrìn yẹn ló kù fún mi nínú gbogbo òwò mi.

Ìyá ọkọ mi padà wá bí wọ́n ṣe wí. Wọn kò bi mí léèrè ohunkóhun. Wọ́n rí yanrìn, wọ́n rí tábìlì. Mo di aṣọ Bùnmi sínú ìdì kékeré. Mo fi òróró pa á lára. Mo rò pé yóò ké, yóò dì mọ́ mi, èmi yóò sì ní àyè láti ké pẹ̀lú rẹ̀. Kò ké. Ó tẹ̀ lé ìyá bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ Iléṣà bí ẹni tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà.

N ó sọ òtítọ́ fún yín, nítorí ẹ̀rí tí a bá fi irọ́ lú kì í ṣe ti Olúwa. Mo gbàdúrà, mi ò rí nǹkan kan. Ní ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin, ta ló darí wa? Màmá Aláṣọ ni. Wọ́n ní kí a gbé ohùn wa sókè, kí Olúwa bá wa gba owó wa lọ́wọ́ gbogbo àwọn onígbèsè. Wọ́n ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ṣe àmín. Kí ni n bá ṣe? Àwọn tí mo finú hàn ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, pé èèyàn kì í bá ìyá ìjọ ṣe ẹjọ́ owó.

Lọ́jọ́ kan, mo jáde nílé láìmọ ibi tí mò ń lọ. Ẹsẹ̀ gbé mi títí dé ibi tí igbó Ọ̀ṣun ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró, mò ń gbọ́ ìró omi. Mi ò ní sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ara yín níbẹ̀ rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan tó ru igi ń bọ̀ lọ́nà, ó rí mi, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Oòrùn mú o, ẹ máa lọ sílé." Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Kò mọ̀ mí. Báwo ló ṣe mọ̀ pé ìyá ọmọ ni mí, nígbà tí kò sí ọmọ lẹ́yìn mi tàbí lọ́wọ́ mi? Mo dá a lóhùn, mo yí padà. Ará, ibẹ̀ ni Olúwa ti kọ́kọ́ yọ mí. Ẹ bá mi dúpẹ́ níbẹ̀ ná.

Nígbà tí mo délé, mo wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn yẹn. Àdúrà mi ò gùn. Mo ní, "Olúwa, Ìwọ náà ti sọ̀rọ̀ nípa alágbàṣe àti owó ọ̀yà rẹ̀. Èmi ni mi ò lè la ẹnu. Bá mi là á." Ohun tí mo sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo ṣe wà níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí ro kéèkì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó wọ inú rẹ̀. Mo ka ẹyin. Mo ka bọ́tà, fúláwà, ṣúgà, èédú. Ohun tí mo ti ń kà ní gbogbo ọjọ́ ayé mi nìyẹn, tí n ó sì máa retí pé kí oníbàárà fi nǹkan díẹ̀ lé e. Mi ò ka apá mi rí. Apá tí kò lè di irun ọmọ, mi ò kà á mọ́ ohun tó wọ inú kéèkì. Òdòdó, ẹyẹ, òpó, gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé ara igi ni mo ti ń já wọn. Mo kà á lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù iye tí mo rí bà mí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù akọ̀wé kékeré kan.

Nǹkan ò yí padà lójú ẹsẹ̀ o. Ọkọ mi ṣì ń wáṣẹ́. Yàrá ṣì dákẹ́. A ń jẹ ohun tí a rí. Ẹnikẹ́ni kò wá pe kéèkì, torí Òṣogbo ti gbọ́ pé kéèkì mi ló tú ìyàwó ká! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́.

Àfi bí Màmá Aláṣọ ṣe wọ yàrá wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Fúnra wọn ni o! Wọ́n múra, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn, àfi bí ẹni pé a ò rí ara wa lọ́jọ́ yẹn.

"Ìyá Bùnmi, Ọlọ́run ti ṣe é! A ti parí ìjà. Ìjọ àwọn ọkọ la ó ti so wọ́n pọ̀, ìjọ tiwa la ó ti wá dúpẹ́. Ó yá, kéèkì wa dà?"

Mo ní, "Ewúrẹ́ jẹ ẹ́, mà."

Wọ́n rò pé àwàdà ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣe òmíràn, kíá. Irú ti tẹ́lẹ̀, kí àwọn ẹyẹ yẹn wà níbẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Mo rí ojú àwọn ẹgbẹ́ mi ilé ìwé. Mo rí ilé kún fún ẹ̀rín. Mo la ẹnu, mo sì gbọ́ tí ohùn kan ń sọ pé, "Ọgọ́ta náírà ni, mà. Ẹ ó san ìdajì kí n tó ra fúláwà, ẹ ó san ìdajì tó kù kí kéèkì tó jáde nínú yàrá yìí. Bí ẹ bá ní kí n fi nǹkan kún un, owó rẹ̀ náà yóò kún un." Ohùn mi ni!

Màmá Aláṣọ bojú wo ẹ̀yìn wọn.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ má bínú."

"Èmi tí mo jẹ́ ìyá fún ọ nínú Olúwa?"

"Ẹ̀yin ni ìyá mi, mà. Ọgọ́ta náírà ni."

"Kí ló wà nínú rẹ̀, wúrà?"

"Ẹyin ni, mà, àti bọ́tà, àti apá mi."

"Apá rẹ!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ayé mà bàjẹ́ o, ó ń ta apá! Èló ni ẹsẹ̀?"

Èsì kan wà lẹ́nu mi, èsì tó gbóná. Mo fẹ́ bi wọ́n bóyá ohun tó bá ti ọkàn oníbàárà wá ni wọ́n fi ń gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Olúwa tó là mí lẹ́nu ló tún pa á dé, torí ìyẹn kì í ṣe owó iṣẹ́ mọ́, àrífín ni. Mo kàn ní, "Mi ò ní ìkòkò mọ́, mà. Wọ́n ti gbé e nítorí ti àkọ́kọ́. Bí ẹ ò bá san ìdajì, kò sí ohun tí n ó fi dáná." Wọ́n pòṣé, wọ́n gbọn ìró wọn, wọ́n jáde. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ọkọ mi dé.

Mo rò pé yóò yìn mí. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di orí mú. "Ìyá Bùnmi, owó tí a ó fi mú ọmọ wa bọ̀ ni o lé jáde yẹn. O ò bá gba ohun tí wọ́n bá fún ọ." Mo ní, "Bàbá Bùnmi, wọn kì bá fún mi ní nǹkan kan." Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri. Èmi náà ò gbà á gbọ́ tán nínú ara mi. Mo sun ẹkún lọ́jọ́ náà tó ju ti ọjọ́ ìkòkò lọ, torí ti ọjọ́ ìkòkò, ẹlòmíràn ló gbé e. Ti èyí, ẹnu ara mi ni.

Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló wá, ọmọ Màmá Aláṣọ. Ó tú aṣọ ìnujú kan lé orí tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìdajì rèé. Màmá ti lọ bá ẹlòmíràn, ìyẹn ní kí wọ́n san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé inú ń bí wọn o."

Mo ní, "Bá mi sọ fún wọn pé mo gbọ́."

Ẹ yin Olúwa! Mo san gbèsè Ìyá Ràfíù nínú owó náà, mo gba ìkòkò mi. Mo ṣe kéèkì yẹn, àwọn ẹyẹ wà lórí rẹ̀. Wọ́n rán dírẹ́bà láàárọ̀ ìgbéyàwó, owó tó kù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, wọn kò san án títí di òní, wọn kò sì dárúkọ rẹ̀ rí. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí lásán ni wọ́n ń mì sí mi. Ọkọ mi kò tíì ríṣẹ́. Ẹ máa bá wa gbàdúrà. Mi ò wá sọ fún yín pé ohun gbogbo ti dùn. Mo wá sọ fún yín pé ẹnu mi tí Olúwa là, kò padà dé. Àwọn èèyàn ti ń pe kéèkì díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá bi mí pé èló, mo ń kúnlẹ̀, mo ń sọ ọ́. Àwọn mìíràn ń lọ. Àwọn mìíràn ń dúró.

Mo lọ sí Ìwàrà lọ mú ọmọ mi. Ẹ̀yìn ìyá ọkọ mi ló fara pamọ́ sí. Ara rẹ̀ ti dán, ọrùn rẹ̀ ti kún, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá lórí ìkúnlẹ̀, mo sì tún sunkún. Ìjẹ̀ṣà ló ń sọ, ó ń pe ilé ní ulé. Nínú ọkọ̀, ó jókòó jìnnà sí mi bí ọmọ àlejò.

Ẹ dìde o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ jó fún Ọba tó dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà níbí tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, tí ẹnu rẹ̀ wúwo, kí Olúwa là á lónìí. Ògo ni fún Un. Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí èmi àti Bùnmi wọlé.

Kéèkì ọjọ́ ìbí kan wà lórí tábìlì, mo ti fi ṣúgà kùn ún sílẹ̀ kí n tó lọ. Bí Bùnmi ṣe rí i, ó fi ẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, "Màámi, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ti ìjọ́sí náà, díẹ̀ ni mo lá. Ẹ má dá mi padà sí Ìwàrà."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fa ọwọ́ rẹ̀ jáde níbi tó kó o sí. Mo ní, "Bùnmi, kì í ṣe ìwọ. Gbọ́, kì í ṣe ìwọ rárá. Ṣúgà tí o lá yẹn, tìrẹ ni. Màámi ni kò mọ bí a ṣe ń sọ fún àgbàlagbà pé iye báyìí ni owó iṣẹ́ mi. Mo ti ń kọ́ ọ báyìí. Súnmọ́ mi. Ó ṣì kù nínú abọ́ tí mo fi pò ó, wá lá a."